‘Gangs of Lagos’: Fíìmù tó dùn, ṣùgbọ́n tó kù díẹ̀ káàtó lójú àwọn ará Ìsàlẹ̀ Èkó

Láàárín ọdún 1995 sí 2010, ẹni tó bá gba Ìdúmọ̀tà wọ Ìsàlẹ̀ Èkó kò lè ṣàì bá àwọn tó ń ta fíìmù àgbéléwò pàdé. Ṣọ́ọ̀bù so mọ́ ṣọ́ọ̀bù, páálí kásẹ́ẹ̀tì gun orí ara wọn, àwòrán àwọn òṣèré kún ara ògiri láti ìsàlẹ̀ dé òkè, bẹ́ẹ̀ ni ohùn ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán ń bá ti àwọn alábàárù figagbága. Láti Ìbàdàn, Ìlọrin, Òṣogbo àti Àkúrẹ́ ni àwọn aláràtúntà ti ń wá kó ọjà níbẹ̀. Ìtàn gbogbo ilẹ̀ Yorùbá ni wọ́n ń tà ní Ìdúmọ̀tà, bẹ́ẹ̀ ìrìn díẹ̀ ló wà láti ibẹ̀ dé Ìga Ìdúngànràn, ààfin Ọba Èkó, tí ìtàn tirẹ̀ kò wọ́pọ̀ nínú páálí wọ̀nyẹn. Nígbà tí ìtàn Ìsàlẹ̀ Èkó yóò wá dé ojú àwòrán lọ́nà tí gbogbo ayé fi rí i, kò gba Ìdúmọ̀tà kọjá rárá. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ló gbà dé, ní ọjọ́ 7, oṣù kẹrin, ọdún 2023, nígbà tí iléeṣẹ́ Amazon gbé ‘Gangs of Lagos’ jáde lórí Prime Video. Òun ni fíìmù àkọ́kọ́ láti Nàìjíríà tí iléeṣẹ́ náà pè ní ti ara rẹ̀.

Jadesola Osiberu ló darí fíìmù ọ̀hún, òun àti Kay Jegede ni wọ́n sì jọ kọ ìtàn rẹ̀. Tobi Bakre ló ṣe Ọbalọlá, olú ẹ̀dá ìtàn. Adesua Etomi-Wellington ṣe Gift, Chike olórin ṣe Ify, Chioma Akpotha ṣe ìyá Ify. Tayo Faniran ni Nino, Olarotimi Fakunle sì ni Kazeem, ẹni tí gbogbo ibi inú ìtàn náà ń ti ọwọ́ rẹ̀ jáde. Ó lé díẹ̀ ní wákàtí méjì tí wọ́n fi ṣe é, èdè Yorùbá, Gẹ̀ẹ́sì àti ẹ̀dà Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń sọ nígboro ni wọ́n sì fi lú ara wọn bí àwọn ará Èkó ti ń ṣe nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́.

Ohun tó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ̀ ni irú akọni tí Ọbalọlá jẹ́. Àwọn ará Amẹ́ríkà ti sọ ọ́ di òwò ńlá láti máa ṣe fíìmù nípa akọni tó ní agbára tó ju ti ẹ̀dá lọ, ẹni tó ń fò lójú ọ̀run, ẹni tí ọta ìbọn kò ràn. Nígbà tó yá, akọni aláìlábàwọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sú àwọn òǹwòran, ni wọ́n bá yíjú sí akọni tí ọwọ́ rẹ̀ kò mọ́. ‘Deadpool’ jáde ní ọdún 2016, ‘Joker’ tẹ̀lé e ní 2019, ‘Black Adam’ dé ní 2022, gbogbo wọn ló sì dá lórí ẹni tó ń ṣe ohun tí òfin kọ̀, tí òǹwòran kò sì lè kórìíra rẹ̀ tán. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín irú akọni bẹ́ẹ̀ àti ọ̀daràn lásán kò ju èyí lọ: ẹni tó ń wò ó mọ̀ pé ìwà rẹ̀ kò dára, síbẹ̀ ọkàn rẹ̀ ń bá a lọ.

Kì í ṣe ohun àjèjì sí Yorùbá. Ta ni ọmọdé tó gbọ́ àlọ́ tí kò bá Ìjàpá yọ̀ nígbà tó bá ráyè sá lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé olè àti ọ̀kánjúà ni Ìjàpá? Ní ti sinimá, Eddie Ugbomah ti ṣe fíìmù nípa Oyenusi, adigunjalè tí wọ́n yìnbọn pa ní etíkun Bar Beach ní ọdún 1971. 1977 ni fíìmù náà jáde. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Tade Ogidan ṣe ‘Owó Blow’ láàárín ọdún 1990 sí 2000, ìtàn ọmọkùnrin tí ìyà tì sí ọ̀nà olè, tí àwọn tó wò ó nígbà náà kò tíì gbàgbé títí di òní. Tí a bá sì fẹ́ akọni tó ní agbára àràmàǹdà ní tòótọ́, Sàró inú ‘Aníkúlápó’ ti Kunle Afolayan, tó jáde ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, ni kí a tọ́ka sí. Ó ń jí òkú dìde, ìgbéraga àti ojúkòkòrò sì gbé e ṣubú. Ọbalọlá kò ní agbára kankan bí ti Sàró. Ọwọ́, ọ̀bẹ àti ẹ̀rù tí orúkọ rẹ̀ ń dá sílẹ̀ ládùúgbò ni tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà ni wọ́n gbà fi í ṣe akọni, a sì lè fi òṣùwọ̀n kan náà wọ̀n ọ́n.

Ìtàn náà kò lọ́jú pọ̀. Àwọn ọmọ mẹ́ta, Ọbalọlá, Ify àti Gift, dàgbà pọ̀ ní Ìsàlẹ̀ Èkó, wọ́n ń fẹ́wọ́ kiri. Nino, tí àwọn ọmọ ìta ń wárí fún, mú Ọbalọlá mọ́ra bí ọmọ. Nino fẹ́ jáwọ́ nínú iṣẹ́ náà, àmọ́ ọ̀dàlẹ̀ kò jẹ́ kó ṣeé ṣe. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, Kazeem di ọ̀gá, abẹ́ rẹ̀ ni Ọbalọlá ti ń ṣiṣẹ́ jàǹdùkú títí tó fi di géńdé. Ify ní tirẹ̀ fẹ́ kọrin, ó sì fẹ́ kí orin gbé òun kúrò ládùúgbò. Wọ́n pa á. Ibẹ̀ ni Ọbalọlá ti wá yí ọwọ́ padà sí ẹni tó ń bọ́ ọ.

Kí ló wá mú kí fíìmù yìí wọ àwọn ènìyàn lára? Àkọ́kọ́ ni gbèsè. Àwọn fíìmù jàǹdùkú tó ti wà ṣáájú máa ń sọ pé òṣì ló sọ ọmọ di olè, wọ́n a sì fi mọ síbẹ̀. Fíìmù yìí lọ síwájú díẹ̀. Ó fi hàn pé kì í ṣe ebi nìkan ló mú Ọbalọlá dúró ní ìta, oore tí wọ́n ṣe fún un níbẹ̀ pẹ̀lú ni. Ilé tirẹ̀ kò gbà á, ìta gbà á. Ẹni tó fún un lóúnjẹ, tó pè é lọ́mọ, tó kọ́ ọ bí a ti ń rìn láàárín àwọn ọkùnrin, jàǹdùkú ni. Báwo ni ènìyàn ṣe ń kọ ẹ̀yìn sí irú baba bẹ́ẹ̀? Yorùbá tó mọ ohun tí alágbàtọ́ jẹ́ sí ọmọ yóò mọ̀ pé ìbéèrè náà kì í ṣe eré. Òun ló fà á tí ẹni tí kò lù ẹnikẹ́ni rí láyé rẹ̀ fi lè jókòó ti Ọbalọlá fún wákàtí méjì láì pòṣé.

Èkejì ni èdè. Ó ti pẹ́ tí àwọn fíìmù olówó ńlá láti Èkó ti ń sọ Gẹ̀ẹ́sì bí ẹni pé erékùṣù kejì ni gbogbo ìlú, níbi tí ilé gíga àti ọkọ̀ olówó iyebíye wà. Níhìn-ín, Yorùbá ìgboro ni wọ́n fi ń halẹ̀, òun ni wọ́n fi ń ṣẹ̀fẹ̀, òun náà ni wọ́n fi ń sunkún. Èyí tó wá ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu jù ni Chioma Akpotha. Ìyá Ìgbò tó ń gbé Ìsàlẹ̀ Èkó ló ṣe, Yorùbá sì ń yọ lẹ́nu rẹ̀ bíi ti ìyá tó ti ń ná ọjà níbẹ̀ láti ogún ọdún. Kò sí ẹni tó dúró ṣàlàyé fún òǹwòran pé ẹ̀yà kan ń gbé pẹ̀lú ẹ̀yà kejì. Wọ́n ń gbé pọ̀ ni, ó parí. Ìdìbò gómìnà Èkó ọjọ́ 18, oṣù kẹta ọdún 2023 kò tíì pé oṣù kan sẹ́yìn nígbà tí fíìmù náà jáde. Ní àwọn ibùdó ìdìbò kan, àwọn jàǹdùkú dẹ́rù ba olùdìbò, ọ̀rọ̀ Yorùbá àti Ìgbò sì gbóná janjan nílùú. Ẹni tó bá wo ìyá Ify tó ń ṣọ̀fọ̀ ọmọ rẹ̀ ní irú àkókò yẹn kò ní ṣàì ronú. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ohun tí obìnrin yìí ṣe ló máa pẹ́ jù lọ́kàn ènìyàn nínú gbogbo fíìmù náà, ó ju ti Ọbalọlá fúnra rẹ̀ lọ.

Ìjà inú rẹ̀ náà dára. Wọ́n kọ́ ọ, wọ́n sì tún un kọ́ kí wọ́n tó ya á. Kì í ṣe irú èyí tí ẹ̀ṣẹ́ kò tíì kan ara tí ẹni tí wọ́n gbá yóò ti ṣubú. Èyí kò nílò àlàyé púpọ̀.

Àmọ́ ibi tí adùn náà ti wá ni àléébù rẹ̀ ti wá pẹ̀lú. Ọ̀nà tó rọrùn jù láti mú kí a fẹ́ràn ẹni búburú ni kí a gbé ẹni tó burú jù ú lọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọ̀nà yẹn ni fíìmù yìí tọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kazeem burú débi pé ohun yòówù kí Ọbalọlá ṣe sí i, òǹwòran yóò pàtẹ́wọ́. Bẹ́ẹ̀, kí ọjọ́ ẹ̀san tó dé, ọ̀pọ̀ ọdún ni Ọbalọlá fi jẹ́ ọwọ́ ọ̀tún Kazeem. Àwọn tó fi ọwọ́ yẹn lù ńkọ́? Àwọn tí ìbẹ̀rù rẹ̀ mú kí wọ́n san owó tí wọn kò jẹ? Wọn kò ní orúkọ nínú ìtàn, wọn kò ní ìyá tó ń sunkún bíi ti Ify. Wọ́n kọjá lójú wa bí ẹni tí kò sí. ‘Aníkúlápó’, pẹ̀lú gbogbo idán inú rẹ̀, sàn ju èyí lọ ní ìhà yìí, nítorí Sàró dalẹ̀ Àrólákẹ́, Àrólákẹ́ sì wà níbẹ̀, ó ní ojú, ó ní ẹnu, òun náà ló sì gbẹ̀san. Ọbalọlá kò jíhìn fún ẹnikẹ́ni tó ṣẹ̀. Àwọn tó ṣẹ ẹ́ nìkan ló bá ṣírò.

Ohùn Ọbalọlá tó ń sọ ìtàn láti ẹ̀yìn àwòrán tún ń ṣe àṣejù nígbà mìíràn. Ohun tí ojú ti rí, ẹnu tún ń sọ ọ́.

Ohun tó wá dá ìjà sílẹ̀, tó sì mú kí ọ̀rọ̀ fíìmù yìí kúrò ní ti àwọn tó ń wo sinimá nìkan, ni Ẹ̀yọ̀. Nínú fíìmù náà, àwọn apànìyàn wọ aṣọ Ẹ̀yọ̀ láti fi ṣe iṣẹ́ ibi. Kí òṣèlú tó dá sí i, kí agbẹjọ́rò tó gbọ́, ẹni tó bá mọ Ìsàlẹ̀ Èkó ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yóò wà.

Ẹ̀yọ̀, tí wọ́n tún ń pè ní eré Adámú Òrìṣà, kì í ṣe eégún tó ń jáde lọ́dọọdún láti wá gba owó lọ́wọ́ èrò. Ìsìnkú ẹni ńlá tàbí ìrántí rẹ̀ ló ń gbé e jáde, ọdún púpọ̀ sì lè kọjá láàárín ọ̀kan àti èkejì. Ọjọ́ 20, oṣù kejì ọdún 1854 ni àkọsílẹ̀ sábà máa ń tọ́ka sí gẹ́gẹ́ bí ìgbà tó jáde fún Ọba Akíntóyè, ẹni tí àwọn Òyìnbó dá padà sórí oyè lẹ́yìn tí wọ́n fi àgbá ìbọn lé Kòsọ́kọ́ kúrò l’Ékòó ní 1851. (Ó yẹ kí á rántí pé Kòsọ́kọ́ fúnra rẹ̀ jẹ́ irú akọni tí à ń sọ yìí: títí di òní, ẹni tí à ń bá sọ̀rọ̀ ló máa sọ bóyá òun ni olóòótọ́ àbí ọlọ̀tẹ̀.) Ní ọdún 2017, nígbà tí Ìpínlẹ̀ Èkó pé àádọ́ta ọdún, Ẹ̀yọ̀ tún jáde.

Àwọn Ẹ̀yọ̀ tó jẹ́ àgbà márùn-ún ni Àdìmú, Lábà, Oníkò, Ológèdè àti Agẹ́rẹ́. Àwọ̀ àkẹtẹ̀ orí wọn ni a fi ń dá wọn mọ̀: dúdú ni ti Àdìmú tó jẹ́ olórí gbogbo wọn, pupa ni ti Lábà, ti Oníkò jẹ́ àwọ̀ yẹ́lò, ti Ológèdè àwọ̀ ewé, ti Agẹ́rẹ́ sì jẹ́ àwọ̀ àlùkò. Àwọn Ẹ̀yọ̀ yòókù ń jáde láti ìga àwọn olóyè, àkẹtẹ̀ wọn sì ń fi ìga tí wọ́n ti wá hàn. Aṣọ funfun bò wọ́n láti orí dé ẹsẹ̀, ọ̀pámbàtà wà lọ́wọ́ wọn. Lọ́jọ́ náà, ènìyàn kò gbọdọ̀ wọ bàtà níwájú wọn, kò gbọdọ̀ mu sìgá, obìnrin kò gbọdọ̀ di ṣùkú. Ẹni tó bá rú òfin náà á gba ọ̀pá. Nítorí náà, a kò lè sọ pé Ẹ̀yọ̀ kò ní ìbẹ̀rù nínú; ẹni tó ti sá fún ọ̀pámbàtà rí mọ̀.

Ojú tí wọ́n fi aṣọ bò yìí ló tan àwọn tó kọ fíìmù náà. Wọ́n rí ẹni tí kò sí ẹni tó lè dá a mọ̀, wọ́n sì rò pé ibi tó dára jù nìyí fún apànìyàn láti fara pamọ́ sí. Ní ti àwòrán, wọn kò jẹ̀bi: funfun pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀, ọ̀pọ̀ èrò pẹ̀lú ìlù, kò sí olùdarí tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kò ní wù ú. Ní ti òye, ìdàkejì ọ̀rọ̀ náà ni òtítọ́. Ìta nìkan ni kò mọ ẹni tó wà lábẹ́ aṣọ. Àkẹtẹ̀ orí rẹ̀ ti sọ ìga tó ti jáde, bí ó bá sì ṣe aburú, ìga yẹn ni wọ́n máa wá bá. Aṣọ tó yẹ kó fi ẹni kan sábẹ́ orúkọ ìdílé ni fíìmù náà sọ di aṣọ aláìnílé. Ìbá ti dára tó, kódà fún ìtàn apànìyàn fúnra rẹ̀, bí ẹni kan ní ìga bá bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè pé ta ló gbé àkẹtẹ̀ wa jáde! Ìbéèrè yẹn nìkan ìbá gbé ìdajì fíìmù mìíràn.

Àwọn ará Ìsàlẹ̀ Èkó kò dákẹ́. Kí oṣù kẹrin ọdún 2023 tó parí, ẹgbẹ́ Isale Eko Descendants’ Union ti fi ẹ̀hónú hàn pé fíìmù náà bà wọ́n lórúkọ jẹ́, ó sì tàbùkù àṣà wọn. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó náà sọ̀rọ̀ láti ẹnu Uzamat Akinbile-Yussuf, kọmíṣánnà fún ọ̀rọ̀ ìrìnàjò afẹ́ àti àṣà nígbà náà, pé ohun tí wọ́n ṣe kò bójú mu, wọ́n sì ya ìlú kan àti àṣà rẹ̀ ní àwòrán ìkà. Àwọn mìíràn dá wọn lóhùn pé eré ni eré, àti pé bí wọ́n bá ní kí eré má kan ohun tó jẹ́ ti ìlú kankan, kò ní sí eré mọ́. Ọ̀rọ̀ dé kóòtù.

Ẹ̀tọ́ wà nínú ohun tí àwọn ará Ìsàlẹ̀ Èkó sọ. Orúkọ àdúgbò kò dà bí orúkọ tí a dá sílẹ̀ nínú ìtàn. Ọmọ tó bá kọ Ìsàlẹ̀ Èkó sínú ìwé tó fi ń wá iṣẹ́ ló máa ru ẹrù rẹ̀, kì í ṣe òṣèré tó ti lọ sí eré mìíràn. Ní àdúgbò tó ní ààfin, mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì tó ti pẹ́, tó ní agbo ilé tí àwọn oníṣòwò, amòfin àti akọ̀wé ti jáde, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹni tó ń jẹun nínú fíìmù yìí láìjẹ́ pé jàǹdùkú ló bọ́ ọ. Ẹ wo ‘Ayinla’, tí Jadesola Osiberu kan náà gbé jáde ní 2021, tí Tunde Kelani sì darí. Oníjà ni Ayinla Omowura, ìjà ló sì pa á ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1980. Akọni tí ọwọ́ rẹ̀ kò mọ́ ni òun náà. Àmọ́ fíìmù yẹn gba Abẹ́òkúta láyè láti jẹ́ ìlú, àwọn tó ń gbé inú rẹ̀ ní iṣẹ́ àti ọ̀rọ̀ tiwọn, àléébù Ayinla sì dúró gẹ́gẹ́ bí àléébù Ayinla.

Síbẹ̀, nǹkan kan wà tí ẹ̀hónú náà fò dá. Òkodoro ọ̀rọ̀ tí fíìmù náà sọ ni pé àwọn olóṣèlú ló ń bọ́ àwọn ọmọ ìta, wọ́n ń lò wọ́n nígbà ìdìbò, wọ́n sì ń jù wọ́n nù bí ìdìbò bá parí. Èyí kì í ṣe irọ́, ẹnikẹ́ni tó ti to ìlà ìdìbò ní Èkó Ìsàlẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìjọba tó yára sọ̀rọ̀ lórí Ẹ̀yọ̀ kò sọ púpọ̀ lórí Kazeem. Ó sì ṣeni láàánú pé àwọn tó ṣe fíìmù náà ló fún wọn láyè: bí wọn kò bá fọwọ́ kan aṣọ funfun, kò bá má sí ohun mìíràn tí ìlú ìbá máa bá wọn sọ ju ọ̀rọ̀ jàǹdùkú àti òṣèlú lọ.

Ní ọdún 2025, ọ̀rọ̀ náà parí sí ìpẹ̀tù-síjà, àwọn tó gbé fíìmù náà jáde sì tọrọ àforíjì ní gbangba lórí ọ̀nà tí wọ́n gbà lo Ẹ̀yọ̀. Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, ní oṣù kìíní ọdún 2024, Amazon ti kéde pé òun kò ní máa náwó sórí fíìmù tuntun láti ilẹ̀ Áfíríkà mọ́. Ẹni tó bá tún fẹ́ sọ ìtàn Ìsàlẹ̀ Èkó yóò ní láti gbé e lọ sí ilé sinimá, níbi tí àwọn ará Ìsàlẹ̀ Èkó fúnra wọn yóò ti sanwó kí wọ́n tó wọlé jókòó.